Ọdún Mẹ́wàá tí Mo Gé

Níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi dúró sí fún ọdún mọ́kàndínlógún,
tòmátì ló dúró síbẹ̀ báyìí.
Àwọn oníirin àlòkù ló gbé ẹ̀rọ lọ,
wọ́n wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn ẹran.
Ilẹ̀ tó ti mu epo rẹ̀ yó,
mo fi ṣọ́bìrì họ ọ́, mo kó o dànù,
mo wá to àpò ìrẹsì síbẹ̀,
iyẹ̀pẹ̀ Ìkòròdú nínú wọn, pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀
tí mo tọrọ lọ́wọ́ oní-dòdò ìkóríta,
tó jẹrà tó di dúdú, tó di oúnjẹ.

Páìpù mẹ́fà tí mo tẹ̀ bí ọrun,
ọ̀rá funfun lókè, àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́:
ilé ni, kì í ṣe ilé.
Ẹni tó bá wọlé lọ́sàn-án
á kọ́kọ́ ṣí fìlà, á tún bọ́ ẹ̀wù,
á ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń se nǹkan wọ̀nyí ni?"
Mi ò sè é. Mò ń tọ́ ọ ni.

Omi ilẹ̀ wa ní Ṣómólú níyọ̀ díẹ̀;
tòmátì mọ̀, etí ewé rẹ̀ á gbẹ.
Òjò ni mo ń dè.
Páànù ilé Alágbà Ṣódẹkẹ́ ló ń gbè é
wá sínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin tó ti gbé òróró rí.
Wàsílátù fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta,
ọmọ iṣẹ́ tí kò bá ẹ̀rọ lọ,
tí yíǹkì búlúù ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Kòkòrò funfun wá, bí eérú tó hu ìyẹ́.
A gún ewé dóńgóyárò, a pò ó mọ́ ọṣẹ,
a fọ́n ọn sí wọn lára. Wọ́n lọ.
Wọ́n padà. A tún gún un.

Mi ò tà kọjá ibi tí ẹsẹ̀ Wàsílátù lè dé
kí omi orí ewé tó gbẹ.
Wọ́n ní tòmátì mi kéré.
Mo ní èyí tó ti òkè Ọya wá
ti sun inú ọkọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta;
ẹ gbé tèmi kalẹ̀ di Jímọ̀, ká jọ wò ó.

Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà kò mọ ọmọdé.
Àwọn ọmọ ata ń rọ, owó àwọ̀n dúdú ò sí.
Mo lọ yọ báńà kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù:
Màmá Abígẹ́ẹ̀lì Fáṣẹ̀yí,
gèlè, yẹtí, ẹ̀rín,
lábẹ́ rẹ̀, "Ẹni ọgọ́rin ọdún."
Àádọ́rùn-ún ni wọ́n ní kí n kọ.
"Ẹ gé ọdún mẹ́wàá lára ìyá wa!"
Wọn ò gbà á, wọn ò san kọ́bọ̀.
Èmi náà ò lè jó o;
ta ló ń fi ojú àgbà dáná?
Mo nà án sókè orí àwọn ọmọ ata,
ó dojú bolẹ̀, ó ń wò wọ́n.
Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbórí sókè.

Fẹ́hìntọ́lá, àkọ́bí màmá, ló wá ra ata ní Sátidé.
Ta ló júwe wa fún un? Mi ò mọ̀.
Ó tẹrí wọlé, ó gbójú sókè.
Mò ń wá ibi tí mo lè sá gbà:
ilé ọ̀rá, ilẹ̀kùn kan péré.
Ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀rín ìyá rẹ̀ kọjá,
ó bà lé e léjìká.
"Ọgọ́rin," ó kà á sókè bí ọmọ iléèwé.
Ó ní, "Ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ gé yẹn,
ṣé ibí ni wọ́n ti wá ń lò ó?"
Mi ò fèsì. Wàsílátù ló fèsì:
"Wọ́n ń bá wa ṣọ́ ata ni, mà."

Ó mú ata, ó mú tòmátì.
Ó ṣì ná an o, ó ná an títí ó fi dùn mí.
Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó ní kí n má tíì ká báńà,
kí òjò àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ rọ̀.

Ó rọ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú.
Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta kún.
Ìkẹrin ń jò; mo fi àtàǹpàkò dí i,
mò ń pe Wàsílátù nínú òkùnkùn.